Lọ́jọ́ Tí Ìyá Wa Mọ Láyípo

Ọjọ́ kejì Iléyá ni,
ẹran ṣì ń bẹ nínú ìkòkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì ń ro wá.
Bọ̀ọ̀dá Tìámíyù ló ti ṣèlérí láti ìgbà ààwẹ̀
pé òun ó mú wa dé ọgbà ìṣeré ẹ̀yìn Agodi.
Ó dọjọ́, ó lóun ń lọ pa táyà ẹnìkan ní Òjóò.
Ìyá àgbà wé gèlè mọ́rí: "Ẹ wọ bàtà yín.
Ìlérí kì í kú sí ojúde tèmi."

Mẹ́rin ni wá: èmi, Sìkírà, Kífáyà,
àti Mutíù tó ń sunkún nítorí bàtà ẹsẹ̀ òsì.

Lẹ́nu géètì, erin símẹ́ńtì kan dúró,
etí rẹ̀ kan ti gé, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún.
Ìyá kí i.
Ó ní, "Ta ló mọ̀ bóyá ó gbọ́?"

Ọgbà náà ò tóbi, ká sòótọ́.
Ẹṣin onírin mẹ́fà, méjì ò nírù;
mọ́tò kéékèèké tí ń kọ lu ara wọn bí ọmọ orogún;
obìnrin kan tí ń yan gúgúrú, tí ń sùn;
àti kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan láàrin,
tó ga ju mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lọ,
tó ń yí, tó ń han bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo.

Ọmọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wò wá látòkè délẹ̀.
"Ọmọdé ò gbọdọ̀ dá a gùn. Àgbà kan ní láti bá wọn lọ."
Ìyá wẹ̀yìn wò.
Kò sí àgbà kankan níbẹ̀, àfi òun.

Ó tú ìdí aṣọ, ó ka owó, ó tún un kà.
Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun.
Wọ́n fi irin há wa mọ́ àga.
"Bísímílà," ni Ìyá wí, kì í ṣe sí wa.

A gòkè.
Igi máńgòrò di ìdì ẹ̀fọ́ kan.
Iná lọ.

Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ará Ìbàdàn mọ ìdákẹ́ iná
bí ìyá ṣe mọ ìdákẹ́ ọmọ tó ń ba nǹkan jẹ́.
Àwa la wà lókè pátápátá.
Àga ń mì. Ẹ̀rù ti gba ẹkún lẹ́nu Mutíù.
Nísàlẹ̀ wọ́n ń pariwo pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀.

Ìyá di irin mú, ó dijú,
ó ka gbogbo ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Nígbà tó yá ó la ojú kan.
Ó la èkejì.

"Ṣé Mápó nìyẹn? Bó ṣe kéré tó rèé?
Wo Òkè Àrẹ̀mọ. Wo ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì dúdú yẹn!"
Ó nàka, àga mì, a figbe ta.
"Ẹ dákẹ́. Ẹ wo òrùlé.
Páánù kan ti ṣí, lókè yàrá mi gan-an.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé bàsíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn,
tí Tìámíyù ń sọ pé kò jò, pé àjà ló ń làágùn.
Mo rí i. Ẹ̀yin náà rí i. Ẹlẹ́rìí márùn-ún."

Lẹ́yìn náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Ọkọ rẹ̀ ló kan páánù yẹn, kí n tó dáyé.
Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ nìkan ló ṣì nà,
bíi pé ẹnìkan jókòó sórí òrùlé náà tòun ti òòlù.

Ìṣẹ́jú mélòó? Kífáyà ní wákàtí méjì; irọ́ ni.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó wúkọ́, ó dáhùn.
A sọ̀ kalẹ̀ bí garawa tí wọ́n rọra ń jù sí kànga.

Ọmọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ má bínú, Màmá."
Ìyá ò tilẹ̀ wá bàtà.
"Wọ́n máa ń sọ ọ́ sí mi, èmi tí wọ́n bí sí Ìdí-Arẹrẹ,
pé mo mọ Ìbàdàn, n ò mọ Láyípo.
Ó yípo lónìí. Mo ti mọ̀ ọ́n.
Èló lẹ ń gbà fún ẹ̀ẹ̀kejì?"

Owó ọkọ̀ wa ló san.
A fẹsẹ̀ rìn délé, Mutíù lẹ́yìn rẹ̀, bàtà Mutíù lọ́wọ́ mi.
Tìámíyù ti dé, ó ń jẹ ẹran.
Ìyá ò bi í nípa Òjóò.
Ó gbé bàsíà jáde látinú yàrá, ó gbé e síwájú rẹ̀,
ó sì lọ wá àkàbà.