Àádọ́rùn-ún Dín Díẹ̀

Ní Filton, lẹ́bàá Bristol, aago mẹ́ta òru,
ààrò ńlá ń mí bí ẹni tó jẹun yó.
Mo jókòó tì í, èmi àti kọ̀ǹpútà mi,
pẹ̀lú ife tíì kan tí awọ ti bò lójú.

Igun kan ló wà nínú ààrò náà, igun ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú:
fọ́nrán dúdú, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ọmọ tuntun lọ,
ìpele mẹ́rìndínlógún.
Èyí kọjú sí ìlà-oòrùn, èyí kọjú sí àríwá.
A fi oje rin wọ́n títí wọ́n fi mu yó.

Nírọ̀lẹ́ àná, oje yìí ń ṣàn bí oyin ìgbà ẹ̀rùn.
Ibi tí a bá ní kó lọ ló ń lọ.
Ṣùgbọ́n iná dé ọgọ́sàn-án dígírì,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bó sì ti ń dì ló ń súnkì,
fọ́nrán kọ̀ jálẹ̀. Irú tirẹ̀ kì í súnkì.
Ẹni méjì lórí ẹní kan:
ọ̀kan ń fa aṣọ ìbora, èkejì di etí rẹ̀ mú.
Kò sí ariwo.
Báyìí ni ilẹ̀ yóò ṣe mọ́ bá wọn,
báyìí náà ni wọn yóò ṣe le.

Wọ́n ń sanwó fún mi kí n lè mọ ìjà tí kò pariwo:
iye rẹ̀, ibi tó sá pamọ́ sí, ọjọ́ tí yóò sán.
Mo gé igun náà sí ọ̀kẹ́ méjì ègé lójú kọ̀ǹpútà,
mo ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:
Báwo lara rẹ?
Ìgbà wo lo di líle? Ta ló ń fà ọ́?
Ẹ̀rọ náà hùn títí, ó wá ní àádọ́rùn-ún kò ní pé,
yóò fi dígírì kan ààbọ̀ dín.

Terence Pascoe kò ka nọ́mbà sí.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tẹ́ fọ́nrán.
Oríkèé ìka rẹ̀ ló fi ń kan iṣẹ́, kó, kó,
á dẹtí, á ní, “Èyí ń bínú.”

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, wọ́n tú igun kúrò lára irin tó mọ ọ́n.
Mo gbọ́ ọ: tá!
bí ẹni tó tú ìgbànú lẹ́yìn oúnjẹ.
Apá rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn,
bí ẹni tí òtútù mú, tó ń gba ara rẹ̀ mọ́ra.
A wọ̀n ọ́n. Dígírì kan àti mẹ́rin nínú mẹ́wàá.
Pascoe rẹ́rìn-ín. “Ìdá kan tó kù dà?”
Mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀: mi ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó gé irin mìíràn,
a ó là á gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ,
kí ohun tó bá jáde lára rẹ̀ lè tọ́.
Nílé, wọ́n sọ fún wa pé láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.
Kò sẹ́ni tó sọ pé èèyàn lè ṣírò bí igi yóò ṣe wọ́,
kó gbìn ín ní wíwọ́,
kó sì máa retí rẹ̀ ní títọ́.

Òjò winniwinni. Mo wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ gba Gloucester Road,
mo ká èjìká méjèèjì mọ́ra nínú kóòtù.
Ọdún kejìdínlógún rèé.
Nígbà tí mo dé, ibi tí wọ́n bá ní kí n lọ ni mò ń lọ.

Fóònù dún. Láti Ìlá ni.
“Báwo lara rẹ?”
Mo wo gíláàsì fèrèsé, omi ń fà gùn lójú rẹ̀.
“Ara le, Màámi,” ni mo wí. “Ara le.”