Ohùn Sodnom

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ sókè.
Kí n tó béèrè ẹni tí yóò kàwé,
Sodnom ti dìde,
kékeré bí èkúté, ohùn rẹ̀ ń dún gbọnrangandan
bí agogo ọrùn àgùntàn.

Ó bá àwọn òbí rẹ̀ da ẹran lọ sórí òkè.
Nígbà tó padà sí Tosontsengel,
sí yàrá ẹlẹ́ni-mẹ́jọ tí àwọn ọmọ darandaran ń sùn,
ṣòkòtò rẹ̀ ti fi ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún òtútù.
Ó jókòó sẹ́yìn. Ó fa fìlà bojú.
Mo pè é, ó kọ etí ikún.

Àfojúdi ni, mo ní.
Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú,
mo rò pé mo mọ àfojúdi
bí mo ṣe mọ tíì oníyọ̀ tí ìyá mi ń sè.
"Dìde. Ìlà kẹta. Kà á sókè."

Ó dìde.
Ọ̀rọ̀ méjì ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an;
ẹ̀kẹta fò sókè, ó ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Oyunchimeg ló rẹ́rìn-ín jù,
Oyunchimeg tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ ni fìlà fi ń bojú.
N kò mọ̀ nígbà náà.
Ó gbé ìwé sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde láì mú ẹ̀wù,
nínú òtútù tó lè sọ itọ́ di òkúta kó tó balẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ mi o, ẹ má rò pé wọn kò kọ́ mi.
Ọjọ́ mẹ́ta ní Ulaanbaatar, nínú òtẹ́ẹ̀lì olóoru,
wọ́n ya ọpọlọ sára pátákó:
iwájú orí ló ń gbó kẹ́yìn.
Mo dà á kọ. Mo gba ìwé-ẹ̀rí, mo fi kọ́ ògiri.
N kò rò pé ohun tí wọ́n yà
lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì kó dé fìlà.

Mo bá a níbi tí a ń so ẹṣin mọ́.
Dorjsuren, olùṣọ́, ń kó yìnyín,
ọmọ ẹṣin ọlọ́dún kan dúró tì í,
ẹsẹ̀ jàgàjàgà, ó ń ta gìrì sí òjìji ara rẹ̀.
"Ẹ ò tíì gùn ún?" ni mo bi í,
kí n ṣáà lè rí nǹkan sọ.
Bàbá náà wò mí títí.
"Olùkọ́, eegun ló ṣáájú. Ọgbọ́n ń bọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn."
Ó sì ń bá yìnyín rẹ̀ lọ.

Mo wé ìborùn mi mọ́ ọmọ náà lọ́rùn.
Kò dúpẹ́.
Mo rántí ara mi lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá,
àkísà ẹlẹ́jẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
tí mo rò pé ikú ló dé, tí n kò sọ fẹ́nì kan.

"Olùkọ́," ó ní, ìdajì ohùn bàbá, ìdajì ohùn ọmọ,
"ṣé yóò pẹ́ báyìí?"

"N kò mọ̀," mo dáhùn.
"Tèmi pẹ́."