Ìkòkò Tó Dúró Nílé

Ràlíátù kò kọ́kọ́ bi mí léèrè owó.
Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Ọkun o, Màmá,"
ó wọ ilé ìdáná, ó ń wo àwọn ìkòkò mi
bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ojú ọmọ tí ibà ń ṣe.
Ó fi ìka gbá èyí tó tóbi jù:
"Kí ló ti hó nínú eléyìí rí?"

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
pé irọ́ kò dáa,
irọ́ ti dé eyín mi kí n tó gbé e mì.
Ìkòkò ìyá mi ni. Irin àtijọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
bàbá mi ló rù ú wálé lọ́dún tí kọfí lówó lórí.
Ó ti se ọbẹ̀ ìsìnkú, ó ti se omi gbígbóná
tí wọ́n fi wẹ Bámitálé lóru tí mo bí i.
Ó sì ti se ẹlẹ́dẹ̀ igbó.
Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo sọ fún un. Kò ṣe háà, kò yínmú.
"Ẹ jẹ́ kó dúró nílé nígbà náà," ló wí,
"bí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn,
tí a ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá bá."

Àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ̀ kò bèèrè nǹkan kan.
Èyí tó ti Ìyàrà wá ní, "Màmá, ẹran ni ẹran,
ta ni yóò wo ìdí abọ́?"
Ó sì yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta kúrò nínú owó.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ọwọ́ mi ti wọ báàgì.
Àfi bí mo ṣe rántí Àlhájì Múmínì, bàbá ìyàwó,
lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá kí wa:
omi nìkan ló mu, ó ní òun yó,
ó ń rẹ́rìn-ín sí wa
bí ẹni tí kò fẹ́ kí ebi òun dójú ti onílé.
Ebi yẹn ni mo ń sanwó fún.

Jémírìn àbúrò mi bínú.
Ó gbé ọ̀yà méjì dé láti igbó ẹ̀yìn odò Ọ̀yì,
ó tẹ́ wọn síwájú Ràlíátù.
"Ìbọn ti pa wọ́n kí ọ̀bẹ tó dé," obìnrin náà fèsì jẹ́jẹ́,
"kò sì sẹ́ni tó pe orúkọ lé wọn lórí."
"Ṣé ìbọn tèmi kò mọ Ọlọ́run ni?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ajá rẹ̀ gbọn etí, ó lọ sùn.

Ìdájí Sátidé, ọyẹ́ bo òkè Kàbà.
Màlúù tí a fowó kajú rà dúró lábẹ́ igi, ó ń mí èéfín.
Àfáà Sáníì fi aṣọ wé ọ̀bẹ,
kò fẹ́ kí ẹran náà rí i.
A ń wá ẹni tí yóò di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú.
Àwọn ọ̀dọ́ ń wojú ara wọn, fóònù lọ́wọ́.
Jémírìn ló ká apá ẹ̀wù sókè.
Ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ń sọ̀rọ̀ sí màlúù létí,
ọ̀rọ̀ tí ọdẹ nìkan gbọ́.
Àfáà pe orúkọ Ọlọ́run.
Mo gbọ́ tí àbúrò mi, kìrìyó láti inú oyún,
ṣe "àmín" kó tó rántí ara rẹ̀.

Ìrẹsì jóná díẹ̀ nísàlẹ̀, n kò ní purọ́.
Àlhájì Múmínì jẹun. Ó tún bèèrè egungun.
Mo wà lẹ́yìn kánópì, mo ń ka òkèlè rẹ̀
bí ìgbà tí mo ń ka máàkì nílé ìwé.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, tí wọ́n ti ká àga,
mo gbé ọbẹ̀ màlúù tó ṣẹ́kù wálé.
Mo bu ṣíbí méjì sínú ìkòkò ìyá mi,
kí òun náà lè gbọ́ ìròyìn.