Ihò Kẹfà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù, ní Ìdí-Arẹrẹ,
n kò fọwọ́ kan awọ gidi.
Àjákù ni mò ń lù:
etí báàgì, ahọ́n bàtà,
ìgbáròkó kan tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà.

"Sìdíkátù, ihò yìí, ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni àbí ìwọ lo lù ú?"
Ó gbé e sókè síhà oòrùn.
Etí ihò náà hu irùngbọ̀n,
ìmọ́lẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ wọlé bí ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà.
Ó gba irin ìluhò lọ́wọ́ mi, ó wo ẹnu rẹ̀.
"O ti lù ú lórí sìmẹ́ǹtì."
Mo ní rárá.
Ó wo sìmẹ́ǹtì.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.
Òkúta tó rin omi, irin ń yí lábẹ́ ìka,
yíyí ni, kì í ṣe fífà,
títí ẹnu rẹ̀ fi ń fá irun apá mi láìtọrọ ààyè.
Mo fi ìda pa á lẹ́nu.
Mo gbé ìtì ìrókò sábẹ́ awọ, ojú ibi tí ayùn gé sókè.
"Igi a máa gba irin mọ́ra," Ọ̀gá wí.
"Sìmẹ́ǹtì a máa bá a jà."

Kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé ni mo fi wọn àlàfo,
àmì, àmì, àmì,
bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yanrìn.
Mú irin dúró ṣánṣán. Má mì ín. Má bẹ̀ ẹ́.
Òòlù ẹ̀ẹ̀kan.
Lílù tó ń ṣiyèméjì,
ihò méjì ló ń bí sójú kan.

Gbì, ni ó máa ń dún tẹ́lẹ̀.
Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, ó dún: pó.
Ará àdúgbò kankan kò gbọ́.
Ọ̀gá gbọ́. Kò sọ nǹkan kan,
ó kàn ti àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé sí mi.

Ọyẹ́ ló mú Tíṣà Ọláwọyin dé,
láti ọsibítù ńlá,
ọwọ́ òsì rẹ̀ di ṣòkòtò mú,
ọwọ́ ọ̀tún gbé bẹ́líìtì, bí ẹni gbé ejò tó ti kú.
Ihò márùn-ún, ihò ẹ̀rọ.
"Ẹ bá mi fi ìkẹfà kún un."
Ọ̀gá nawọ́ sí mi.

Awọ náà ti gbẹ,
ó ti mu òógùn ọgbọ̀n ọdún ìṣirò.
Mo fi omi tọ́ ọ díẹ̀.
Mo wọn àlàfo ìkẹrin sí ìkarùn-ún,
mo gbé e lọ síbi tí kò sí nǹkan kan.
Pó.
Ọmọ awọ roboto kan bọ́ sílẹ̀.
Tíṣà fi ìka wo ihò náà yíká.
"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá," ó wí.
"N kì í fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìkeje.
Ọwọ́ mi fẹ́ gbọ̀n, n kò jẹ́ kí irin mọ̀.
Ní ọjọ́ yẹn, kò fún mi ní máàkì.

Òjò àkọ́rọ̀ ti lu páànù wa kí ó tó tún yọ.
Mo ti na ọwọ́ sí irin.
"Rọra," ó wí. Ó ká búbà sókè.
Ìkẹrin ni ó dè é sí.
"Múfútáù, ṣé ẹ lè bá mi dí méjì ìparí yìí?"
"Awọ kì í dí, Tíṣà. Ohun tí a bá ti lù, a ti lù ú."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàgbé mi níbẹ̀.

Mo ń wo ìrù bẹ́líìtì náà bí ó ṣe ń fì,
ihò méjèèjì lófo,
etí wọn mọ́, kò sí irùngbọ̀n,
oòrùn gba àárín wọn kọjá tààrà.

Roboto awọ méjì wà nínú agolo mílíìkì mi,
lábẹ́ ìṣó.
N kò sọ fún un.