Kí Ni Wọ́n Ń Pè Mí?

Ọdọọdún ni wọ́n ń ya màmá mi ní fọ́tò.
Oṣù kẹjọ bá ti dé, tí àlejò kún Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
wọ́n á bá a níwájú ilé, níbi tó ti ń sá ẹ̀lùbọ́.
Wọn ò ní kí i. Kámẹ́rà á ṣáà dún.
Lọ́dún kan mo rí i lára káàdì tí wọ́n ń tà l'Ékòó,
ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Arúgbó Òṣogbo".
Ọ̀ṣúntóókí, akápò alájọ,
tó bí ọmọ méje tó sì sin méjì,
arúgbó!
Inú bí mi. Mo bú wọn lẹ́yìn, mo bú wọn lójú.

Nígbà ọyẹ́, èmi náà ra fóònù tuntun.
Mo kó àlejò mẹ́ta láti Ìbàdàn,
owó wọn ti wà lápò mi,
a gba ọ̀nà Ìlobùú, a yà sí gáà kan.
Mo ní, "Ẹ wá wo bí àwọn Fúlàní ṣe ń gbé,"
bí ẹni mú ọmọdé lọ wo kìnìún nínú àgò.
A ò kan ilẹ̀kùn.
Kò sí ilẹ̀kùn, a sì rò pé kò sí ilé.
Obìnrin kan ń mi wàrà nínú akèrègbè.
Mo gbé fóònù sókè.

Kò sá. Kò bojú.
Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ:
"Ẹ kú ọ̀nà o. Kí ni wọ́n ń pè mí?"
Mo dákẹ́.
"Ẹ fẹ́ gbé mi lọ sílé yín,
ẹ ò mọ orúkọ tí ẹ máa fi jí mi láàárọ̀?"

Mo rántí ẹ̀lùbọ́. Mo rántí káàdì.
Mo dọ̀bálẹ̀, eruku ọyẹ́ kún àyà ẹ̀wù mi.

Kúmbò lorúkọ rẹ̀.
Ẹ̀yìn gáà yẹn ni wọ́n sin ibi ọmọ rẹ̀ sí
kí wọ́n tó bí èmi tí mò ń pe ara mi lónílé.
Ó bu wàrà fún wa. A béèrè iye rẹ̀.
"Èyí tí ẹ mu, ti àlejò ni.
Èyí tí ẹ máa gbé lọ, owó ni."
Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ya màlúù.
Ó ní ká dúró de Dẹ̀mbó, ọmọ rẹ̀, òun ló ni wọ́n.
A dúró títí oòrùn fi wọ̀.
Dẹ̀mbó dé, ó wò wá, ó ní rárá.
A kí i, a lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ka fọ́tò màmá mi nínú fóònù mi:
mọ́kànlélógójì.
N ò bi í léèrè rí, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mo lọ bá a nídìí ẹní.
"Màmá, ṣé kí n yà yín?"
Ó gbójú sókè, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Dúró ná," ó ní,
"jẹ́ n wé gèlè."