Epo Murdena

Òróró tí bàbá mi ti lò tán, èmi ni mo ń gbé e:
ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọlanke kan, kẹ́ẹ̀gì méjì,
láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń dín ẹja àti ọ̀dùnkún
fún àwọn apẹja Kepu Bírẹ́tọ́nì,
gun òkè, gun òkè, dé ọ̀dọ̀ Murdena Gillis.

Òróró ọ̀hún dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Èérún ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.
Bàbá mi ní, "Kí ni ìyá arúgbó yẹn fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe?"
Ṣùgbọ́n kò ní kí n má gbé e lọ.
Àtidà á nù, owó ni.

Inú ṣẹ́ẹ̀dì Hector, ọkọ rẹ̀ tí òkun kò dá padà,
ló kó ohun èlò rẹ̀ sí:
ìgò oyin mẹ́fà, ìkòkò alákàṣà,
ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó fi ń sẹ́ èérún,
tẹmómítà tí ìyá rẹ̀ fi ń se jáàmù.
Yóò wọ awò ìlúwẹ̀ẹ́ sójú, yóò wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá,
yóò ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, bí òtútù tilẹ̀ ń bù wá jẹ.
"Ọtí tí mo fẹ́ pò yìí, ojú ẹni tó bá mu ún á fọ́.
Sódà yìí, bó bá kàn ọ́, á bó ọ bí iṣu.
Dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ka ìṣẹ́jú fún mi."

Mo kà á.
Òróró gbóná, kò hó (ó ní kò gbọdọ̀ hó),
ó ń fi àjẹ̀ tó ti kán rò ó, yípo, yípo,
bí ẹni ń pàrọwà fún ọmọ tó ń bínú.

Ti àkọ́kọ́ di ọṣẹ.
Omi ló wà nínú òróró wa, a kò yan án gbẹ tó.
Mo rò pé yóò sunkún. Ó fi fọ ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì.
"Ó kéré tán," ó ní, "ilẹ̀ mọ́."
Lóòótọ́, ó ti ń mọ́ lójú fèrèsé.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, a fi í sílẹ̀ mọ́jú.
Ó ti pín ara rẹ̀ sí méjì kí n tó dé,
kò sẹ́ni tó là á níjà:
ìsàlẹ̀ dúdú, ó ki bí oyin àtijọ́,
òkè mọ́ kedere. Murdena gbé ìwé ìròyìn sẹ́yìn ìgò,
ó kà á láti inú epo,
láti orí àwọn tó kú dé orí iye tí wọ́n ń ta dísẹ́ẹ̀lì.

Katakata Hector kò dún láti ọdún mẹ́rin.
Ó wúkọ́. Ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́,
ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ ara rẹ̀.
Èéfín rẹ̀ ń ta sánsán bí ẹja díndín!
Ajá mẹ́ta ilé Beaton tẹ̀ lé e dé ibi tí ọ̀nà ti já sókun.
Bàbá mi jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì,
ó ń gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀
tó ń gun òkè lọ lórí táyà mẹ́rin.
Kò wí nǹkan kan.
Láti Sátidé yẹn ló ti ń sẹ́ òróró
kó tó bù ú sí kẹ́ẹ̀gì.

N kò ní parọ́, kò tún ayé ṣe.
Nínú oṣù kejì, epo náà dì bí ọ̀rá nínú táǹkì.
Murdena fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó,
ó gbé ìgò omi gbígbóná tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
èyí tí Hector máa ń gbé sẹ́sẹ̀ sùn,
ó jókòó tì í nínú yìnyín, tíì lọ́wọ́.
Mo ní, "Bí kò bá jí ńkọ́?"
Ó ní, "Àárín ooru ló dàgbà sí. Yóò jí.
Ka ìṣẹ́jú."

Ení.
Èjì.