Bébà Onígun Mẹ́ta

Ní Ìkọ̀gòsì, lẹ́yìn ilé ìwòsàn,
Ìbídàpọ̀ apoògùn fi rúlà ya igun mẹ́ta:
omi lọ́tùn-ún, òróró lárà lósì,
ọtí líle lókè, alárinà tó gbọ́ èdè ìdílé méjèèjì.

Ó ń kán omi sínú ìgò.
Ó mọ́ gaara. Ó ṣì mọ́.
Mo ń kà á: méjìlá, mẹ́tàlá,
ẹ̀kán kẹrìnlá, ó ṣú
bí ìgbà tí ọyẹ́ bo òkè Ẹ̀fọ̀n.
"Dúró!" Ó fi bírò tẹ àmì.
Àmì ti di méje, wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀yìn òkè:
abẹ́ rẹ̀ ìjà, òkè rẹ̀ àlàáfíà.

Àná ni ìyá Àdúràgbẹ́mi dá oògùn ikọ́ padà.
Òróró léfòó, omi dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀,
ọmọ mu ti òkè, ikọ́ ò gbọ́.

Mo ní, "Ṣebí kí wọ́n mì ín ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Mímì kọ́ ni ìrẹ́pọ̀.
Ohun tí a fipá pò, tó bá sinmi tán, á rántí ilé."

Nírọ̀lẹ́ mo ki ẹsẹ̀ bọ odò
níbi tí omi gbígbóná ti bá tútù pàdé.
N ò lè sọ inú èwo ni mo wà.
Ó ké sí mi látòkè:
ìgò kẹjọ ń dúró.